Orúkọ Ìyá Àgbà Lọ́rùn Ọmọ Tuntun

Àwọn òbí tí ń retí ọmọbìnrin máa ń bi mí bóyá Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àlàkẹ́ kò ti gbó jù fún ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí sí ayé fóònù. Àjọkẹ́ ni oríkì ọmọ tèmi, ó sì ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí, nítorí náà mo ti rí iwájú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ orúkọ tì ná, kí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tí yóò máa pè é. Oríkì kì í gbó. Ẹnu tó mọ̀ ọ́n pè ló ń dín kù. Bí ọmọ bá ní ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò máa fi ohùn tó yẹ pè é lójoojúmọ́, orúkọ náà yóò bá a mu bí ẹni pé tìtorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Bí kò bá ní wọn, inú ìwé ni orúkọ yóò jókòó sí.

Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọ̀ wa, oríkì ìlú wà, ti ìdílé wà, ṣùgbọ́n kí á mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bí Àkànkẹ́ tàbí Àyìnkẹ́ lé orúkọ ọmọ lórí, kò wọ́pọ̀ tó bí ó ṣe wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá. Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, nilé ọkọ mi. Kí n tó bímọ, èmi àti ọkọ mi ti fẹnu kò sí Olúwadárasími, a sì rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ ti parí. Lọ́jọ́ ìkómọ, Màmá, ìyá ọkọ mi, gba ọmọ, ó wò ó lójú, ó ní, "Àjọkẹ́ Ọ̀kín." Kò bi ẹnikẹ́ni. Inú mi kò dùn, kí n má purọ́. Ní etí mi nígbà náà, Àjọkẹ́ jẹ́ orúkọ obìnrin tó so ìborùn mọ́dìí, tó ń bá oníbàárà jà nínú ọjà.

Ó nídìí tí àwọn orúkọ wọ̀nyí fi ń rùn bí àpótí aṣọ ìyá àgbà. Nígbà tí ilé ìwé dé, orúkọ ìrìbọmi ni wọ́n ń kọ sí rẹ́jístà. Orúkọ tí ààfáà sọ ọmọ ni wọ́n ń kọ lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Oríkì kò rí àyè nínú ìwé, ó kù sínú ilé. Nígbà tó yá, àwọn òbí tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́mọ kò pè é nínú ilé mọ́ pẹ̀lú. Àwọn tí a wá ń gbọ́ ọ mọ́ wọn lára kò ju àwọn ìyá arúgbó lọ, àti àwọn olórin wákà bíi Bàtílì Àlàkẹ́ àti Sàláwà Àbẹ̀ní. Eré Yorùbá dá kún un: bí ìyàwó ará oko bá wà nínú eré, Àbẹ̀kẹ́ ni wọn yóò sọ ọ́, èyí tó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé ni yóò máa jẹ́ Sandra. Ti ọkùnrin kò kúkú jìyà tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn olórin fújì gbé Àyìndé àti Àyìnlá sójú páálí àwo orin wọn, kò sí ọmọ tí yóò sọ pé orúkọ bàbá arúgbó ni.

Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, ya oríkì sọ́tọ̀ kúrò lára àmútọ̀runwá àti àbísọ, ó ní ti ọkùnrin máa ń dún bí ti akọni, ti obìnrin sì jẹ́ ti ìkẹ́ àti ìyìn. Ohun tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ yan ọ̀kan ni pé ọ̀rọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ ń sọ bí ọmọ ṣe wá. Bí ẹ bá bẹ Ọlọ́run títí kí ẹ tó rí i, Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀ní àti Àbẹ̀bí wà fún un. Èyí tí a ṣà yàn ni Àṣàkẹ́ àti Àṣàbí. Èyí tí tẹbí-tará ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni Àdùkẹ́. Mo mọ ọmọ kan tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, tó pẹ́ nínú ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ móoru kí wọ́n tó gbé e wálé. Àlàkẹ́ ni ìyá bàbá rẹ̀ sọ ọ́, n kò sì tíì gbọ́ ẹni tó sọ pé orúkọ yẹn ti gbó fún un. Èyí tí mo rí tí kì í pẹ́ kú ni ti àwọn tó lọ ka àkójọ orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n mú èyí tó dùn lẹ́nu jù. Ọmọ yóò béèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí mo fi ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́, kò ní sí ẹni tó ní ìtàn kankan fún un.

Ẹ má da oríkì pọ̀ mọ́ àlàjẹ́ o. Ìyàwó ilé kì í pe àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti bí kó tó wọlé lórúkọ, nítorí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún un bí wọ́n tilẹ̀ kéré sí i. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń fún wọn ní orúkọ tirẹ̀: Ìdílẹ̀kẹ̀, Ìbàdíàrán, Eyínafẹ́, Òpéléńgé, Adúmáadán, Apọ́nbéporẹ́. Àwọn náà tún ti ń padà bọ̀ báyìí, torí pé wọ́n dùn kọ sábẹ́ fọ́tò. Níbi tí mo ti ń dá àwọn èèyàn lẹ́kun nìyí. Ìyàwó tó sọ ọ̀dọ́bìnrin ní Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹni tó ti tó lo ìlẹ̀kẹ̀ ló ń wò, inú agboolé ló sì ti ń pè é. Ọmọ ọdún méje tí gbogbo kíláàsì mọ̀ sí Ìbàdíàrán, ìdí rẹ̀ ni wọn yóò máa wò, bóyá ó fẹ́ bóyá ó kọ̀. Ti àwọ̀ ara tún ní ewu tirẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin méjì, tí ọ̀kan pọ́n, tí ẹ sọ ọ́ ní Apọ́nbéporẹ́, tí ẹ kò sì ní orúkọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ fún èyí tó dú, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ẹ kò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọn yóò jà á. Eyínafẹ́ ńkọ́? Eyín kò tíì hù! Ohun tí ojú rí lára ẹni ni àlàjẹ́ ń tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dàgbà, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò fún un ní tirẹ̀. Oríkì ni kò nílò kí ọmọ ní ohunkóhun lára.

Màmá dúró tì wá lẹ́yìn ìkómọ, ibẹ̀ ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀, yóò jókòó sórí ẹní, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ sórí wọn, yóò wá fi òrí ra àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ti ń fa apá ọ̀tún ọmọ kọjá àyà rẹ̀, "Àjọkẹ́." Bó bá di apá òsì, "Àjọkẹ́ Ọ̀kín." Nígbà tí yóò bá fi dé orúnkún, ó ti wọ inú orílẹ̀, ìyẹn oríkì ìran wọn: "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà." Kì í kánjú. Bó bá pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan, yóò dákẹ́, yóò wo ojú ọmọ, ọmọ náà yóò wò ó, kó tó tún pe òmíràn. Mo kà á sí eré arúgbó. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n jókòó, bó bá ń ké tí mo ń pe "Dára, Dára, Dára", ẹkún náà ń le sí i ni. Màmá á wọlé, á pe Àjọkẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ á dákẹ́, á máa wá ibi tí ohùn náà ti wá.

Inú ohùn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Àjọkẹ́: dò, re, mí. Àlàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́: dò, dò, mí. Àjíkẹ́: dò, mí, mí. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ti wọ̀ lẹ́nu máa ń gbé ohùn sókè láàárín, á jẹ́ kí òpin rẹ̀ ṣubú, orúkọ á wá dún bí orúkọ àjèjì. Ìparí yẹn ló yẹ kó ga, ibẹ̀ ni ìkẹ́ wà. Bí ẹ kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ fi ìró kùn ún lábẹ́ imú láìpe ọ̀rọ̀, bí onílù ṣe máa fi gángan pè é. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ sí i. Ọjọ́ tí mo ṣe èyí ni ọmọ kọ́kọ́ yíjú sí mi bó ṣe ń yíjú sí Màmá.

Màmá padà sí Ọ̀fà, orúkọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ọkọ mi, ọmọ bíbí ilé náà, kò mọ̀ ju ìlà mẹ́ta lọ nínú orílẹ̀ tirẹ̀. Ojú ń tì mí láti ki ọmọ níwájú àlejò nítorí ohùn Èkìtì mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló la ojú mi: ó ní láyé àtijọ́, àwọn ìyàwó ilé gan-an ló máa ń mọ oríkì ilé ọkọ jù, nítorí àwọn ni wọ́n ń fi í jí ọkọ, tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, àwọn ọmọ bíbí inú ilé ń gbádùn rẹ̀ láìkọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn mú ìtìjú kúrò. A wá fẹnu kò sí ẹni mẹ́rin: Màmá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọkọ mi, èmi. Láràárọ̀ kí wọ́n tó wọ aṣọ ilé ìwé fún un, a ń pe Màmá, a ń gbé fóònù sórí àga kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Ọmọ á kúnlẹ̀ níwájú fóònù, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Màmá á kì í fún bí ìṣẹ́jú kan, á sì ṣàdúrà. Kò gba àkókò ju kí omi hó lọ.

Ohun méjì ni mo tún kọ́ nípa ìgbà tó yẹ láti pè é. Èkíní, bí ọmọ bá ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí oríkì ṣáájú ẹ̀bùn. Bó bá ń ṣàìsàn, ẹ pè é ní jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fún un lóògùn. Èkejì, ẹ má fi í bá ọmọ wí láéláé. Èyí ló ń pa oríkì nílé púpọ̀: ìyá ń pariwo "Àdùkẹ́! Wá kó ìdọ̀tí yìí!" láti àárọ̀ dalẹ́, bó bá wá di alẹ́ tó fẹ́ fi orúkọ kan náà tù ú nínú, ara ọmọ ti kọ̀ ọ́. Ní ilé wa, tí inú bá bí mi, Olúwadárasími ni mo ń pè é, ní kíkún, láìgé ìrù rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Bí ẹ bá ní ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí àbúrò tó ń gbé pẹ̀lú yín, ẹ sọ òfin yìí fún wọn pẹ̀lú.

Ti ìwé kò lè fara sin. Ìpinnu tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, ni bóyá oríkì yóò wà nínú ìwé tàbí kò ní sí, nítorí bó bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, wàhálà ń bọ̀: NIN, ìwé ìrìnnà, ìdánwò WAEC, JAMB, gbogbo wọn ló fẹ́ kí orúkọ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Èrò tèmi ni pé kó wọ ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ àárín. Kì í ṣe orúkọ àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni tíṣà àti nọ́ọ̀sì máa ń pè. Lórí ọ̀kan nínú ìwé ọmọ wa, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà yí méjèèjì padà, Ajoke ṣíwájú, Oluwadarasimi di ti àárín. A rí i kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí pé ọkọ mi ní kó yí kọ̀ǹpútà sí wa kí a kà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá dé. Bí ó bá ti wọlé tán, ìwé ìbúra nílé ẹjọ́ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé fọ́tò nínú ìwé ìrìnnà, ẹ ó rí ìlà méjì tí ẹ̀rọ ń kà. Ìlà kọ̀ọ̀kan gba àmì 44, àyè 39 ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún orúkọ ní ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́tà A dé Z nìkan ló ń gbà. Àmì ohùn kò sí, ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Orúkọ ìdílé tó ní lẹ́tà 9, àyè 2 tó yà á sọ́tọ̀, Oluwadarasimi 13, àyè 1, Ajoke 5: ó jẹ́ 30. Bí ẹ bá tún fi Moyosoreoluwa kún un, lẹ́tà 13 pẹ̀lú àyè 1, ó di 44, ìrù orúkọ yóò gé. Ẹ̀yin tí ẹ ní oríkì ti gbó, ẹ wò ó: àwọn orúkọ òde òní wa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó gbólóhùn àdúrà, ni kò gba inú ẹ̀rọ. Lẹ́tà márùn-ún tàbí mẹ́fà ni oríkì ń lò.

Bí àmì ohùn bá sì ti kúrò, ẹ múra sílẹ̀ de ilé ìwé. Mẹ́ta ni àwọn tó ń fi ojú Gẹ̀ẹ́sì kàwé máa ń kọsẹ̀ lé jù: Àjọkẹ́ á di àwàdà lójú wọn, Àlàkẹ́ á di adágún omi, Àdùkẹ́ á di ìjòyè ọkùnrin. Àwọn kan tún máa ń ka Àlàkẹ́ bí oyè ọba Ẹ̀gbá. Àníkẹ́ á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ bàtà Nike. Àṣàkẹ́ ní tirẹ̀ ti rí ìgbàlà láti ibi tí a kò rò: láti ìgbà tí olórin ọkùnrin tó ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ kọrin ti gbòde, kò sí ọmọ tó ń sọ pé orúkọ arúgbó ni mọ́, àfi pé wọ́n á bi ọmọbìnrin náà bóyá olórin ni bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìbátan lókè òkun tàbí ẹ ń múra àtilọ, Àbẹ̀ní, Àdùnní, Àríkẹ́ àti Àyọ̀ká kì í jọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan, wọ́n sì rọrùn ka láìní àmì.

Kò tíì pẹ́ tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń fi Àjọkẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà tó pe orúkọ rẹ̀ láti inú rẹ́jístà kò ní i lọ́kàn láti bú u, ẹnu rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n pè, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó délé, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má pè mí ní Àjọkẹ́ níta mọ́." Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ, èmi tí n kò fẹ́ orúkọ náà níbẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ bá a wí pé kò gbọdọ̀ tijú orúkọ ìdílé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Oríkì tí a fi agbára mú ọmọ jẹ́ kì í ṣe ìkẹ́ mọ́. A gbà fún un: Dára níta, Àjọkẹ́ nílé. Mo lọ bá tíṣà, mo fi ohùn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè é, mo sì ní kó máa lo Dára níwájú àwọn ọmọ títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. A tún fún ọmọ ní èsì kan tó lè sọ láìjà: "Oríkì mi ni, ìyá bàbá mi ló fún mi. Kí ni tìrẹ?" Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín délé wọn lọ béèrè tiwọn, àwọn kan sì padà wá pẹ̀lú Àbẹ̀bí àti Àkànní, wọ́n ń fọ́nnu.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú un gbà á padà pátápátá ni ìsinmi tó lò ní Ọ̀fà. Nínú agboolé Màmá, kò sí ọmọ tí kò ní tirẹ̀: Àyìnkẹ́ ń fa omi, Àlàbí ń gbá bọ́ọ̀lù, Àbẹ̀ní ń ké torí wọn ò fún un ní ẹran. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi padà wálé, ó ń pe ara rẹ̀ ní Àjọkẹ́ Ọ̀kín lórí fóònù. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ ọmọ lórúkọ yìí tí ẹ sì ń gbé ibi tó ti jẹ́ òun nìkan ló ń jẹ́ irú rẹ̀, ẹ wá ibi tí yóò ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé kó tó pé ọdún méje. Àkókò ìsinmi kan tó.

Àwọn ohun kéékèèké kan wà tí ẹ lè yẹ̀ wò kí ẹ tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá ti ní Àbẹ̀kẹ́ nílé, ẹ má sọ àbúrò rẹ̀ ní Àbẹ̀ní. Tí ẹ bá pè láti inú yàrá, àwọn méjèèjì ni yóò dáhùn, tàbí kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Àjíkẹ́ àti Àjọkẹ́ náà jọra jù lórí fóònù, àbúrò ọkọ mi ló ń jẹ́ Àjíkẹ́, ojú wa rí nǹkan. Bí oríkì tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ bá jẹ́ ti ìyá ọkọ yín tó wà láàyè, ẹ rò ó dáadáa: ìyàwó kì í fẹnu ya orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀, ẹ ó sì rí ara yín tí ẹ ń pe ọmọ yín ní "Ìyá" títí. Bí ìyá náà bá ti kú, tí ọmọ jẹ́ Yétúndé tàbí Ìyábọ̀, oríkì olóògbé ni wọ́n sábà máa ń kì í, ìyẹn kò ní wàhálà. Ìbejì ní tiwọn tẹ́lẹ̀, Ẹ̀jìrẹ́ ni, ẹ kò nílò láti wá òmíràn. Bákan náà ni Ìgè ní Àdùbí. Bí ìyá yín àti ìyá ọkọ yín bá mú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, ẹ jẹ́ kí oníkálukú máa pe tirẹ̀, kò pa ọmọ lára. Ti ilé bàbá ni kí ẹ kọ sínú ìwé, nítorí òun ló bá orílẹ̀ rẹ̀ lọ.

Kí ẹ sì gba ohùn àgbà sílẹ̀ nígbà tó ṣì lè kì í. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ ayẹyẹ, ariwo yóò bò ó. Ẹ lọ bá a láàárọ̀ nínú yàrá, ẹ pa fáànù, ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n ọwọ́ kan sí ẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ wà níbẹ̀, nítorí àwọn àgbà kì í mọ̀ ọ́n kì dáadáa bí ẹni tí wọ́n ń kì kò bá sí níwájú wọn. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tó. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí WhatsApp nìkan, bí fóònù bá sọnù ó lè bá a lọ; ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, ẹ fún ẹnìkan nínú ẹbí lọ́kan. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, Gboard ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó lè kọ ọ́. Ìlà tí kò bá yé yín, ẹ má fò ó. Ẹ bi í kí ẹ tó dìde. Màmá ṣàlàyé ọ̀kan fún mi tí ọkọ mi ti ń sọ ní òdì láti kékeré.